Ọ̀pá Iṣu: Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Yan Ọ̀pá fún Àgbẹ̀, Láti Iléṣà Dé Minna

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa báyìí, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ni ewé ti ń yọ. Nígbà tí a jókòó lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa bi wá ní ìbéèrè kan tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ní iṣu tí òun gbìn sẹ́yìn ilé ti ń yọ ọwọ́, amúnútutù ìyàwó òun náà ti ń fà nílẹ̀, ọ̀pá wo ni kí òun fi sí i? Àgbà kan ní kó lọ wá ọparun gígùn. Òmíràn ní pòròpórò ti tó. Ẹnì kẹta ní kó jẹ́ kó máa fà nílẹ̀ jàre, pé níbí yìí kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ọ̀pá iṣu. Àríyànjiyàn náà gùn débi pé ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí.

Èmi dákẹ́ lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ọ̀pá iṣu kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wa. Ọ̀pá iṣu ló fẹ́ lé bàbá bàbá mi kúrò ní Minna. Ká ní ó lé e lọ ni, bóyá n kì bá tí sí níbí tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ láti ìpìlẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jiyàn yẹn, kò sí èyí tó parọ́. Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kọ́ iṣẹ́ oko ló ń sọ.

KÍ NI EWÉKO FÚNRA RẸ̀ Ń FẸ́?

Ká tó dé orí ọ̀pá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń gùn ún. Iṣu funfun tí à ń gún níyán kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ àbùdá iṣu wò, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 2019, sọ pé apá ibi tiwa yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lágbègbè odò Ọya, ni wọ́n ti sọ iṣu ìgbẹ́ di iṣu oko. Iṣẹ́ mìíràn tó jáde ní 2020 fi kún un pé irú iṣu ìgbẹ́ méjì ló jọ bí iṣu funfun: ọ̀kan ń gbé inú igbó, ọ̀kan ń gbé inú ọ̀dàn. Ṣé ẹ rí i? Iṣu náà ní ìbátan lọ́nà méjèèjì, bíi tiwa.

Inú igbó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, òkè ni oòrùn wà. Iṣu kò ní ìtí igi tirẹ̀ tó lè fi nàró, igi ẹlòmíràn ló fi ń ga. Ó ń lọ́ mọ́ igi títí tí ewé rẹ̀ yóò fi rí oòrùn, torí oòrùn tí ewé bá gbà ni ó ń sọ di oúnjẹ tó ń kó sí ìdí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi wà: kí ewé lè rí oòrùn, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i, kó má baà dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ kí àrùn sì mú un.

Charles Darwin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí nípa ohun abẹ̀mí, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1865 lórí àwọn ewéko tó ń gun nǹkan. Ó jókòó ti àwọn ewéko, ó ń wo bí ṣóńṣó orí wọn ṣe ń yí ká díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ògiri nínú òkùnkùn, títí yóò fi kan ohun tó lè lọ́ mọ́. Ó tún kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ́ kì í lè lọ́ mọ́ igi tó bá ti nípọn jù. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìyẹn láìka ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí iṣu gun igi ńlá, wọ́n á na okùn tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí ebè lọ sí ara igi náà, ìyẹn ni iṣu á gùn lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í fiyè sí. Iṣu funfun, àlọ̀ àti ewùrà, apá kan náà ni wọ́n máa ń lọ́ sí. Ṣùgbọ́n èsúrú, òdìkejì ló ń lọ́ sí. Bí o bá fẹ́ ran ọwọ́ iṣu lọ́wọ́ láti gun ọ̀pá, kọ́kọ́ wo apá ibi tó fẹ́ yí sí. Bí o bá fi ipá yí i sí apá kejì, yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Kì í sì ṣe gbogbo ewéko ló ń lọ́. Iṣu, sèsé àti amúnútutù ń lọ́ mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n úgú, elégédé, kùkúńbà àti akèrègbè ní ọwọ́ tín-ín-rín kan tó ń yọ lára wọn tó sì ń ká kórókóró, ìyẹn ni wọ́n fi ń di nǹkan mú. Èyí tó ń lọ́ ń fẹ́ ohun tó nàró ṣánṣán. Èyí tó ń di nǹkan mú ń fẹ́ àwọ̀n, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tàbí ọgbà tó ní ojú púpọ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń dán kò wúlò fún úgú, yóò kàn máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni.

Ó dáa. Ó yá, ká bọ́ sínú ìtàn.

Ọ̀PÁ INÚ IGBÓ

Abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà ni wọ́n ti bí bàbá bàbá mi. Ilẹ̀ igbó ni. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń ṣán oko tuntun, kì í ṣe gbogbo igi ni wọ́n ń gé. Wọ́n á fi àwọn kan sílẹ̀, wọ́n á fi iná sun ìdí wọn kí ewé wọn lè wọ́ dànù, igi náà á wá dúró lóòró bí òpó. Igi kéékèèké tó tọ́, tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń ṣán oko, wọ́n á tò wọ́n jọ sábẹ́ ibòòji. Ọ̀pá iṣu ọdún yẹn nìyẹn. Wọn kò lọ sí oko ẹlòmíràn wá a, inú igbó tí wọ́n ṣán náà ló ti wá.

Ọ̀pá igbó máa ń gùn, mítà 2 sí 4. Ó ní ìdí. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, kùrukùru máa ń bo ojú ọ̀run ní ilẹ̀ igbó, oòrùn kì í ràn púpọ̀. Igi àyíká náà ń ṣíji bo oko. Iṣu tí kò bá ga níbẹ̀, ebi oòrùn á pa á. Ewùrà ló tún burú jù, torí àrùn kan wà tó máa ń sọ ewé rẹ̀ di dúdú bí ohun tí iná jó, ó sì máa ń tàn kálẹ̀ kíákíá bí ewé bá dùbúlẹ̀ nínú ọ̀rinrin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ebè kan bá jìnnà sí èkejì ní mítà 1 lọ́tùn-ún lósì, ebè 10,000 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Bí ebè kọ̀ọ̀kan bá gba ọ̀pá kan, ọ̀pá 10,000 nìyẹn! Ta ló fẹ́ gé e? Ta ló fẹ́ rù ú? Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń jẹ́ kí ebè méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lo ọ̀pá kan, tàbí kí wọ́n so orí ọ̀pá mẹ́ta pọ̀ kó dúró bí ẹsẹ̀ ààrò, kí atẹ́gùn má baà wó o.

Bàbá bàbá mi sì ní òfin mẹ́ta tó fi kọ́ bàbá mi, tí bàbá mi fi kọ́ mi. Ìkíní, ẹ̀gbẹ́ ebè ni à ń ri ọ̀pá mọ́, a kì í gún un sí àárín, kó má baà gún eèbù. Ìkejì, kí ọ̀pá ti wà nílẹ̀ kí ọwọ́ iṣu tó gùn débi tí yóò fi ṣubú. Bó bá ti ṣubú tó ti lọ́ mọ́ ti ẹnì kejì rẹ̀, bí o bá ń tú u, wàá ṣẹ́ ẹ ni. Ìkẹta, kí a fi iná sun ìdí ọ̀pá díẹ̀ kí a tó rì í mọ́lẹ̀, kí ikán má baà yára jẹ ẹ́.

ṢÙGBỌ́N KÌ Í ṢE GBOGBO ILẸ̀ YORÙBÁ NI IGBÓ

Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣì í. A máa ń sọ pé "báyìí ni Yorùbá ṣe ń fi ọ̀pá sí iṣu," bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú ìjọba tó tóbi jù tí a tíì ní, inú ọ̀dàn ló wà. Àwókù rẹ̀ ṣì wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dòní, nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ ọkà bàbà ni, ilẹ̀ igi òrí àti igi irú. Ilẹ̀ tí ẹṣin lè sáré lórí rẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn yóò ti rí igi gbọọrọ 10,000 gé lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń gbin iṣu níbẹ̀, ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ni pòròpórò bàbà, ẹ̀ka igi àti igi kúkúrú tó bá fi sílẹ̀ lóko.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ní nǹkan bí 1835 sí 1837, àwọn èèyàn ya lọ sí gúúsù. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ti wà nílẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú, àwọn tí ogun lé kúrò nílé sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó ti inú ọ̀dàn sá dé etí igbó, tó gbé eèbù rẹ̀ lérí. Eèbù kan náà ni, ebè kan náà ni, ṣùgbọ́n oòrùn kò rí bákan náà, igi kò rí bákan náà. Dandan ni kó kọ́ ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ àwọn tó bá níbẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń yí ọ̀pá padà. Ìgbà yẹn, láti ọ̀dàn wọ igbó ni. Nígbà tiwa, láti igbó wọ ọ̀dàn ni. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé tiwa.

OJÚ IRIN GBÉ WA DÉ MINNA

Ojú irin tó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ní 1911 ó pàdé ojú irin tó ti Baro ń bọ̀, tó ń lọ sí Kano. Minna ni wọ́n ti pàdé. Ní 1912 ìjọba amúnisìn sọ méjèèjì di ọ̀kan. Bí Minna ṣe di ìlú ńlá nìyẹn, kó tó wá di olú ìlú ìpínlẹ̀ Niger ní 1976. Àwọn Gbagyi ni wọ́n bá níbẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu paraku. Èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, wọn kì í rù ú lórí bíi tiwa.

Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin wá, àwọn akọ̀wé wá, àwọn oníṣòwò wá. Ìjẹ̀ṣà wá pẹ̀lú aṣọ lórí. Ẹ mọ òṣómàálò ṣá, àwọn tó ń tà aṣọ láwìn tí wọ́n ń lóṣòó gba owó wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá bàbá mi. Ó dé Minna ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun Hítílà, ó gba yàrá kan, ó sì ń gbé aṣọ káàkiri abúlé. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà kò lè ṣe kó má gbin iṣu. Ó bẹ bàbá Gbagyi kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó fún òun ní ilẹ̀ díẹ̀ létí ìlú. Bàbá yẹn fún un. Obì àti iyọ̀ lọ́dọọdún ni ìṣákọ́lẹ̀.

Ó kọ ebè rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé. Ó gbin eèbù. Nígbà tí ọwọ́ iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó mú àdá, ó wọ inú ìgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Ó rí àwọn igi kéékèèké kan tó tọ́, tó le, tó tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa. Ó gé e, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè lọ́nà tó gún régé. Bàbá mi sọ pé inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe àwọn ará Iléṣà mìíràn wá wo oko.

Igi òrí ni ó gé, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kadanya. Nílé, inú igbó, kò sí igi òrí. Kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní bàbá Gbagyi náà dé lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó jókòó sórí ebè kan, ó ń wo àwọn ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi èdè Hausa sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ta ló fún ọ ní igi?"

Bàbá bàbá mi ní, "Ẹ dákun, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fún mi ní ilẹ̀."

Ó ní, "Ilẹ̀ ni mo fún ọ. N kò fún ọ ní igi."

Ó wá ṣàlàyé. Igi òrí lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀, àwọn ló ń fi ṣe òrí, owó ọwọ́ wọn nìyẹn. Èyí tó gé yẹn, kì í ṣe ìyàwó bàbá náà ni ìbá ṣa èso rẹ̀, ìyàwó àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Bàbá bàbá mi ti fi ohun ìjẹ ìran kan ṣe ọ̀pá iṣu oṣù mẹ́fà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn ọmọ bàbá Gbagyi náà gbaná jẹ. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, kí àwọn má rí i létí ìlú mọ́. Òṣómàálò tí abúlé bá ti lé, tà ni yóò ta aṣọ fún? Àwọn àgbà Yorùbá tó ti wà ní Minna ṣáájú rẹ̀ bá a lọ bẹ̀bẹ̀. Ó kó aṣọ yàádì mẹ́fà lọ fún àwọn obìnrin ilé náà. Bàbá Gbagyi yẹn ló pa àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó ní ohun méjì ni kó ṣe. Kó má gé igi kankan mọ́ láìbéèrè. Kó sì máa dáàbò bo èéhù igi òrí èyíkéyìí tó bá hù láàárín ebè rẹ̀, kó má fi ọkọ́ kọ ọ́ dànù. Ó gbà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LO PÒRÒPÓRÒ

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá Gbagyi náà mú un lọ sí oko bàbà tí wọ́n ti kórè. Ọkà bàbà ìgbà yẹn ga ju èèyàn lọ fíìfíì, ó lè ga tó mítà 3 sí 4. Wọ́n ti gé orí rẹ̀, pòròpórò ṣì nàró. Wọn kò tu ú. Àárín pòròpórò náà ni wọ́n kọ ebè sí, kété lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Wọ́n gbin eèbù, wọ́n fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn má baà se eèbù nínú ilẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé tí iṣu hù, ọ̀pá ti ń dúró dè é.

Pòròpórò kan ṣoṣo kò lè gbé iṣu. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń so pọ̀, tí wọ́n á tẹ orí wọn wá síra. Nígbà tí ikán àti òjò bá fi máa jẹ ẹ́ wó, ewé iṣu ti bo ebè, ó ti gbà oòrùn tó. Kò sí ẹni tó fi àdá kan igi. Kò sí ẹni tó rù ú láti ibì kankan.

Bàbá bàbá mi rò pé iṣu náà yóò kéré, torí ọ̀pá kúrú. Nígbà tó wú u, ó yà á lẹ́nu. Kò kéré rárá! Ìdí rẹ̀ kò fara sin mọ́: ní ọ̀dàn oòrùn pọ̀, kò sí igi ńlá tó ń ṣíji, ewé kò nílò kó gun òkè kó tó rí i. Ọ̀pá gígùn tí igbó sọ di dandan, ọ̀dàn kò bèèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan níbí kì í fi ọ̀pá sí i rárá, tí wọ́n sì ń rí iṣu jẹ. Àgbà kẹta tó sọ̀rọ̀ níjọ́sí kò parọ́.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bàbá bàbá mi a máa pa òwe yìí, á sì máa rẹ́rìn-ín, torí ó mọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

NǸKAN TI YÍ PADÀ LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I

Ẹ má rò pé ohun tí wọ́n kọ́ bàbá bàbá mi ló parí ìtàn. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbà ní Òkè Ọya. Pòròpórò àgbàdo kò le tó ti bàbà, òjò méjì mẹ́ta ti rà á. Àwọn irú bàbà tuntun tí wọ́n ń gbìn náà kúrú, kí wọ́n lè tètè gbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń fẹ́ pòròpórò pọ̀ sí i: Fúlàní fẹ́ kí màlúù rẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìkórè, bí wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, obìnrin fẹ́ fi dáná, ẹlòmíràn fẹ́ fi ṣọgbà. Ọ̀pá wá di ohun tí èèyàn ń wá kiri. Àwọn kan tún padà sórí igi gígé, nígbà tí àwọn tó ń sun èédú náà ń gé tiwọn lọ.

Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn rí ìṣòro yìí. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà kan wò ní àwọn ọdún 1970: kí àgbẹ̀ gbin igi tó ń yára dàgbà ní ìlà ìlà sínú oko, kí ewé rẹ̀ di ajílẹ̀, kí ẹ̀ka rẹ̀ sì di ọ̀pá. Ọ̀kan nínú irú igi bẹ́ẹ̀ ni àgúnmániyè, tó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá. Bí èèyàn bá gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò ta gbòǹgbò, ọ̀pá náà á di igi, ikán kò sì ní í jẹ ẹ́ bíi ti òkú igi. Akòko náà máa ń hù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo ọ̀pá ààyè gbọ́dọ̀ máa gé ewé rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun gan-an ni yóò ṣíji bo iṣu.

Ní Ghana, wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi okùn dín igi kù: òpó díẹ̀ ní orí ìlà, okùn kan tó là á kọjá lókè, okùn wẹ́wẹ́ láti ibẹ̀ wá sórí ebè kọ̀ọ̀kan. Igi díẹ̀ ló máa ń gbà, òpó náà sì lè sin àgbẹ̀ ju ọdún kan lọ.

Ẹ̀YÌNKÙLÉ WA LÓNÌÍ

Nítorí náà, aburo wa tó bèèrè ìbéèrè, ìdáhùn mi rèé.

Bó bá jẹ́ iṣu funfun nínú ọ̀dàn, ọ̀pá mítà 1 sí 2 ti tó. Bí o bá rí pòròpórò bàbà gbà lọ́wọ́ onílẹ̀, so mẹ́rin pọ̀. Bí o kò bá rí i, ra ọparun, là á sí méjì bó bá nípọn jù, sun ìdí rẹ̀, kó o sì kó o pamọ́ síbi gbígbẹ lẹ́yìn ìkórè kí o lè tún un lò. Bó bá jẹ́ ewùrà, fi ọ̀pá sí i, má jẹ́ kó dùbúlẹ̀.

Amúnútutù ìyàwó rẹ, okùn tí o na láti ilẹ̀ dé ara ọgbà tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó fún un, torí kì í wúwo púpọ̀. Sèsé náà lè bá iṣu lo ọ̀pá kan náà. Úgú, kùkúńbà àti akèrègbè, fún wọn ní àwọ̀n tàbí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí o tò pọ̀. Ṣùgbọ́n akèrègbè ń wúwo o! Òpó tó ń gbé e gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Bí o bá fẹ́ so ohunkóhun mọ́ ọ̀pá, fi aṣọ àkísà tàbí okùn rírọ̀ so ó, kí o sì fi àyè sílẹ̀. Wáyà tàbí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún pinpin á gé e nígbà tó bá ń sanra.

Bó bá sì jẹ́ pé ìgbẹ́ lo fẹ́ wọ̀ lọ gé ọ̀pá, kọ́kọ́ lọ kí onílẹ̀. Bí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, igi wo ni mo lè gé?" Kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Igi òrí àti igi irú, má fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àlejò àti onílẹ̀, tí à ń pè ní ìjà ẹ̀yà tàbí ìjà ìsìn, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ igi kan tí ẹnì kan gé láìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bàbá bàbá mi gbin iṣu sórí ilẹ̀ yẹn títí tó fi dàgbà. Èéhù igi òrí mẹ́ta ló dáàbò bò láàárín ebè rẹ̀. Ilé ti bo oko náà báyìí, ọ̀kan nínú igi náà ti kú, ṣùgbọ́n méjì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí èso rẹ̀ bá ń já, àwọn ọmọ ọmọ bàbá Gbagyi yẹn máa ń wá ṣa á. Wọ́n ń kí wa, a ń kí wọn. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gbé òrí wá fún ìyá mi, ìyá mi sì gún iyán fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos, Kaduna, Kano, Lokoja àti Makurdi ńkọ́? Kí ni àwọn bàbá yín fi ń ṣe ọ̀pá iṣu nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé? Ta ló kọ́ wọn? Ẹ bi àwọn àgbà tó kù nílé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ.

Iṣu wa yóò ta, a ó jẹ ẹ́ nínú àlàáfíà.